Epo Pupa Kọ́ Ni Ẹ̀rọ̀ Oògùn Kòkó

"Ẹ gbé epo wá! Epo pupa, kíá!"

Igbe Ìyá Elisha, aládùúgbò wọn ní Araromi-Obu, ló mú kí Toyibat ju ìwé kẹ́mísírì rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó máa fi dé ẹ̀yìnkùlé, Motún àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti wà nílẹ̀, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí gìrì mú. Ike mínírà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn inú rẹ̀ kì í ṣe ti mínírà.

Oògùn kòkó ni. Waheed, bàbá wọn, ló rọ èyí tó ṣẹ́kù sínú ike náà nígbà tó fín oko tán.

Ìyá Elisha ti fẹ́ da epo sí ọmọ lẹ́nu. Toyibat gbá igbá epo náà dànù.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" ìyá náà figbe ta. "Epo tó ń pa májèlé! Òun la fi tọ́ bàbá ẹ!"

"Ẹ má bínú, mà. Epo yẹn ló máa pa á!"

Waheed, tí òun náà ti sáré dé, nawọ́ láti gbá a létí. "Torí pé o lọ sílé ìwé?"

Toyibat yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá, tí epo bá yí yín lọ́wọ́, ṣé omi lásán ń fọ̀ ọ́?"

"Rárá."

"Bí oògùn yẹn ṣe rí nìyẹn! Mo ti ka ohun tó wà lára agolo rẹ̀. Klorínì, ọ̀kan nínú ìdílé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní hálójìn, ló so mọ́ kábọ́ọ̀nù nínú rẹ̀. Kò bá omi rẹ́, ọ̀rá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fún un lépo, epo ló máa gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá ọ̀kadà!"

Ọwọ́ Waheed wálẹ̀. Toyibat yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ aṣọ tí oògùn ta sí, ó sì he agolo tí orúkọ oògùn wà lára rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn ní Ore, Nọ́ọ̀sì Olúbísí wo agolo náà, ojú rẹ̀ le.

"Ìjọba ti fòfin de èyí, ẹ ṣì ń rà á! Ṣé ẹ fún un lépo?"

"A ò fún un," Waheed dáhùn, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá yín dúró."

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí Motún tó lajú. "Mínírà mi dà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Toyibat ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ike mélòó tẹ́ ẹ rọ oògùn sí ló tún kù nílé?"

Waheed dìde, ó wá ọ̀kadà lọ sílé láti lọ kó wọn.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹnikẹ́ni bá mu oògùn oko, ẹ má ṣe fún un ní epo tàbí wàrà, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú agolo oògùn náà. Ẹ má ra oògùn tí ìjọba ti fòfin dè. Agolo tó bá ṣófo, ẹ má sun ún, torí májèlé ni èéfín rẹ̀. Ẹ lu ihò sí i lára, kí ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí ẹ máa kó o sí. Inú agolo tirẹ̀ ni kí oògùn wà, lábẹ́ àgádágodo. Ọmọdé tó bá rí ike mínírà, mínírà ló máa rò pé ó wà nínú rẹ̀.