Ẹyẹ Jéèdì Ìyá Lu

Àpótí wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ nínú rẹ̀. Ẹyẹ Fenghuang ni, ẹyẹ inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n fi jéèdì, òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé, gbẹ́ láti ayé àwọn ọba. Ìyá tó bí Ìyá Lu ló fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Inspẹ́kítọ̀ Qiu wo àpótí náà tinú-tòde. Wọn kò já àgádágodo rẹ̀.

Ìyá Lu ní ènìyàn méjì péré ló fọwọ́ kan ẹyẹ náà lánàá: Suqin, ìyàwó ọmọ òun, àti Ọ̀gbẹ́ni Pan, oníṣòwò jéèdì tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ Ìyá Lu, ọkọ Suqin, sì ti pè láti Shanghai pé kí Suqin kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Suqin jókòó ti báàgì rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní òun gbé ẹyẹ kalẹ̀ fún Pan, òun lọ gbé omi tíì kaná. Kí òun tó padà, Pan ti pa àpótí dé.

Qiu ránṣẹ́ pe Pan. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló wọlé.

"Inspẹ́kítọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tán, mo nà án sí ìyàwó yìí, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ bi í níbi tó gbé e sí."

"Ọ̀gá Pan, ọwọ́ mi ò kan ọwọ́ yín lánàá," ni Suqin wí.

"Ẹ gbọ́ ẹni tó ti di ẹrù tán."

Qiu kò dá sí wọn. Ó bọ́ jéèdì kékeré tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, ó ní kí Pan bá òun wò ó bóyá ojúlówó ni, ó sì nà án sí i. Kíá ni Pan kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ gbé e sórí tábìlì ná. Tó bá bọ́, ta la máa ní ó fọ́ ọ?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Pan.

"Gbogbo ẹni tó ń ta jéèdì ní Suzhou ló mọ̀ pé wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ara wọn, orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí kí ẹnì kejì tó mú un," ni Qiu wí. "Ẹ ò lè gba tèmi tí ò tó nǹkan, ẹ wá ní ẹ na Fenghuang séèyàn. Bí ẹ ṣe ń wá irọ́ tó máa mú Suqin, ẹ gbàgbé iṣẹ́ yín. Níbo ló wà?"

Inú agolo tíì, nínú ọkọ̀ Pan, ni wọ́n ti bá a.

Ìyá Lu pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé kó bẹ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dojú kọ Qiu.

"Ẹ ṣeun, Inspẹ́kítọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi dá, Suqin yìí ló ń pọ̀n mí sẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù kí n lé e lọ nítorí òkúta."

Ó ní kí Qiu dúró jẹun. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, Ìyá Lu kọ́kọ́ bù fún Suqin, ṣáájú àlejò, ṣáájú ara rẹ̀. Inú Qiu dùn láti dúró de tirẹ̀.