Ṣọ́ọ̀bù Tó Kọjú sí Ti Ṣẹ̀ṣẹ̀dé

Ẹ má wò mí bí ẹni tó ń pàlọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo mọ òpópónà náà, mo mọ ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, mo sì mọ obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà dé bá. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, kò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò fi tèmi kún un.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé ni gbogbo òpópónà ń pè é, nítorí pé kò sí aṣọ ìgbà kankan tí kì í kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀gbọ́n á ro sítáì, á yà á sórí bébà. Àbúrò á gé e, á sì rán an. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá wọn ti lọ, ìyá wọn ti lọ, àwọn méjèèjì nìkan ló kù fún ara wọn. Bí àbúrò bá sín lásán, ẹ̀gbọ́n á ti fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bóyá ó gbóná.

Àwọn aláṣọ òpópónà yẹn ní òfin kan. Bí ìgbà bá ti fẹ́ yí, bí ooru bá ń lọ tí òtútù ń bọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á fi bébà bo gíláàsì iwájú wọn fún ọjọ́ méje. Ẹ̀yìn bébà yẹn ni oníkálukú á ti to aṣọ tuntun rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, wọ́n á ya bébà. Sítáì tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí nínú gíláàsì ẹnì kan, ti onítọ̀hún ni títí ìgbà náà á fi parí. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rán an. Ẹni tó bá rán an, olè ni wọ́n ń pè é, oníbàárà kò sì ní yà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà tó kọjú sí tiwọn gan-an. Kò tíì pé ọdún kan tó ṣí. Wọn kò kọ orúkọ kankan sára rẹ̀. Olùtajà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa ń wà níbẹ̀, obìnrin tí kì í gbóhùn sókè. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀gá rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó rí ìdì aṣọ tó wọ ibẹ̀ rí.

Nígbà òjò, Ṣẹ̀ṣẹ̀dé gbé ẹ̀wù kan kalẹ̀, ọrùn gíga, bọ́tìnnì mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ya bébà láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó gbójú sókè. Ẹ̀wù kan náà wà ní òdì-kejì. Ọrùn gíga, bọ́tìnnì mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti ya bébà tiwọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó fi rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá èrò àwọn ló pàdé. Ó yọ tirẹ̀ kúrò.

Ìgbà ooru dé, ó tún ṣẹlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ni, alápò kan ṣoṣo lápá òsì. Kò fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Ta ló mọ sítáì náà? Òun. Ta tún ni? Àbúrò rẹ̀. Kò sí ẹnì kẹta. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí àbúrò bá pẹ́ níbi tó ti lọ ra òwú, á béèrè ibi tó yà sí. Bí fóònù àbúrò bá dún, á dá ẹ̀rọ dúró kó lè gbọ́. Ẹ wo ohun tí ìfura ń sọ èèyàn dà o: ọmọ tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n, ó wá ń yọjú wo inú báàgì rẹ̀ bó bá lọ wẹwọ́.

Nígbà tí òtútù ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ lò ń tà mí."

Àbúrò ń gé aṣọ lọ́wọ́. Sísọ́ọ̀sì dúró sí àárín aṣọ. "Kí lẹ wí?"

"O gbọ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wojú mi. Èmi?"

"Ta tún ni? Àbí ògiri ló ń lọ sọ fún wọn?"

"Èmi kọ́ o. Mo fi ìyá wa búra, èmi kọ́."

"Má fi ìyá wa búra níbí."

Àbúrò yọ téèpù tó fi kọ́rùn, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé èmi kọ́, ẹ wá bá mi nílé," ó wí. "Ẹ kàn bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan péré. Màá gbà."

Ó sì lọ. Kò gbá ilẹ̀kùn. Ì bá gbá a, ì bá sàn fún Ṣẹ̀ṣẹ̀dé.

Ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Ó ní òun nìkan ni yóò rán ti ìgbà òtútù yìí, kí òun wo ẹni tó máa jí i. Kò yà á sórí bébà rárá. Inú orí rẹ̀ ló wà, ibẹ̀ ló ti gé e. Ó sì ti tó ọdún mélòó kan tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ rán odindi ẹ̀wù kẹ́yìn. Ọ̀sán ganrínganrín ni, òpópónà dákẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan ló ń dún. Òwú já. Ó so ó, ó tún já. Ó bá ẹ̀rọ sọ ohun tó máa ń bá a sọ bó bá ti ń ya aláìgbọràn: "Ó dáa, mo ti gbọ́. Bínú tán ná."

Ó parí ẹ̀wù, ó gbé e wọ̀. Èjìká kò jókòó. Apá ń fà á sẹ́yìn. Ó wo dígí, ó bú sẹ́rìn-ín. Apá ọ̀tún ló rán mọ́ òsì, ó sì rán ti òsì mọ́ ọ̀tún. Iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí ẹ̀kọ́ṣẹ́! Àbúrò rẹ̀ ì bá fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ fún odindi oṣù kan. Ìrántí yẹn pa ẹ̀rín mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó fi bíléèdì tú apá méjèèjì, ó dá wọn padà síbi tó yẹ wọ́n. Kò tó wákàtí kan. Ilẹ̀kùn wà ní títì, bébà bo gíláàsì, kò sí ojú kankan tó rí i.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ó dúró sẹ́yìn bébà. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ya tiwọn láwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù, láti òkè òpópónà wá sí ìsàlẹ̀. Ó ya tirẹ̀.

Ẹ̀wù rẹ̀ ló wà ní òdì-kejì, lára ọmọlangidi tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ. Àwọ̀ kan náà, gígùn kan náà. Ó ń wò ó. Nǹkan kan wà lára rẹ̀ tí kò gún. Èjìká kò jókòó. Apá ọ̀tún ló wà ní òsì.

Àṣìṣe yẹn kò lo wákàtí kan láyé. Àbúrò rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á, ìtìjú ni. "Mo ti lé ọmọ ìyá mi," ó wí, ó sì wí i sókè. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rù tó dé.

Ó sọdá títì. Inú ṣọ́ọ̀bù náà tutù. Kò gbọ́ òórùn aṣọ tuntun. Òórùn ọṣẹ kan ló gbọ́, irú èyí tó wà ní balùwẹ̀ tirẹ̀ nílé.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni olùtajà wí. Kò jọ pé ó yà á lẹ́nu láti rí i.

"Ta ló rán ẹ̀wù iwájú yẹn?"

"Ọ̀gá wa ni."

"Níbo ló wà?"

Olùtajà fi ojú tọ́ka sí aṣọ ìkélé tí wọ́n ta dí yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ń dún níbẹ̀. Ó ń sáré, ó ń dúró, ó ń sáré. Ṣẹ̀ṣẹ̀dé mọ ẹsẹ̀ tó ń tẹ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni. Lójijì, ẹ̀rọ dákẹ́. Òwú ti já. Ẹnì kan mí kanlẹ̀, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó dáa, mo ti gbọ́. Bínú tán ná."

Ohùn rẹ̀ ni.

Ó fa aṣọ ìkélé. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan, àga kan, fìtílà kan. Ó fọwọ́ kan àga, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

"Wọ́n ti jáde," ni olùtajà wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Wọ́n lọ síbo?"

"Wọ́n ní àwọn ń lọ bẹ àbúrò àwọn."

Òpópónà mẹ́ta ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé àbúrò rẹ̀, kò sì rántí bó ṣe gba èyíkéyìí nínú wọn kọjá. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló bá a dé ibẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, wọn kò tú ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ojú àbúrò yọ.

"Mo wá bẹ̀ ọ́," ni Ṣẹ̀ṣẹ̀dé wí, ó ń mí gúlegúle. "Ìwọ kọ́. Mo ti mọ̀. Ìwọ kọ́ rárá."

Àbúrò wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. Ṣẹ̀ṣẹ̀dé mọ irú ìwò yẹn. Irú rẹ̀ lòun náà fi ń wò ó láti ìgbà ooru.

"Ẹ jọ wọ́n o," ni àbúrò wí. "Wọ́n sọ pé ẹ máa jọ wọ́n."

"Ta ni mo jọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kí ẹ tó dé ni. Wọ́n ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà. Wọ́n ní ẹnì kan tó ń jí iṣẹ́ àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn, pé ojú àwọn ló máa gbé wá. Wọ́n ní kí n má ṣílẹ̀kùn."

"Èmi ni! Pẹ́ńpẹ́, èmi ni!"

Pẹ́ńpẹ́ ni orúkọ tó ń pè é láti kékeré, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ojú àbúrò yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn. Ó dúró síbẹ̀.

"Wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí," ó wí.

Nínú ilé, ẹnì kan ń bu omi sínú ife. "Ṣé ó ti dé?" ni onítọ̀hún béèrè. Ohùn náà balẹ̀, bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀.

"Ó ti dé."

"Ó ń sunkún?"

Àbúrò tún wò ó. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Má wò ó pẹ́, á ṣe ọ́ láàánú. Wá jẹun."

"Ẹ má bínú, mà," ni àbúrò wí fún Ṣẹ̀ṣẹ̀dé, bí èèyàn ṣe ń wí fún oníbàárà tí a kò ní ohun tó ń wá. Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé gbé etí lé pákó ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí wọ́n fa àga. Ó gbọ́ tí ẹnì kan sọ nǹkan kan, tí àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti gbọ́ kẹ́yìn kí àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.