Omi Ọgbẹ́ Tí Màmá Sákínátù Mu

Orí ẹní ni wọ́n ti bá òkú Màmá Sákínátù ní àdúgbò Nimbo, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, pẹ̀lú ìgò omi tí wọ́n fi ń fọ ọgbẹ́. Ìwé tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn tẹ̀ mọ́ ìgò náà ní èdè Yorùbá ni: "Mu ún lẹ́yìn oúnjẹ." Ọmọ rẹ̀ kà á fún un, ó sì mu ún.

Ìnspẹ́kítọ̀ Ràhmán wo òkú náà, kò mọ nǹkan kan lára. Láti ìgbà tí ariwo ivoirité, pé ta ni onílẹ̀, ta ni àjòjì, ti gba ìlú, tí wọ́n ń bi òun náà léèrè ìlú bàbá rẹ̀ ní tèṣọ́n, ọkàn rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ nìkan ló kù tó ń ṣe.

Wọ́n ti ti Sèlíátù, tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà náà sí Yorùbá, mọ́lé.

Kọ̀mísárì, ọ̀gá rẹ̀, sọ fún Ràhmán pé, "Bí o kò bá rí ẹlòmíràn di ìrọ̀lẹ́, ẹnubodè la ó gbé Anago yẹn lọ." Anago ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ ọ́," ni Sèlíátù wí fún Ràhmán ní àtìmọ́lé. "Inú tábìlì Excel ni mo kọ ọ́ sí, Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Faransé, mo wá fi dísíkẹ́ẹ̀tì lé Misbaudeen lọ́wọ́."

Misbaudeen ló ń sọ irú tábìlì bẹ́ẹ̀ di fáìlì tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn lè kà. Ràhmán bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Dísíkẹ́ẹ̀tì Sèlíátù dà?"

"Mo ti pa inú rẹ̀ rẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe gbé e wá ni mo ṣe lò ó."

"Ṣí fáìlì náà."

Ràhmán ka Faransé, ó ka Yorùbá, ó ka èdè Baoulé tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà.

"Misbaudeen, ìwọ ni. Faransé nìkan lo tò láti A dé Z, àwọn èdè yòókù dúró síbi tí wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí 'mu ún' fi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ọgbẹ́. Ká ní Sèlíátù ló dà á rú, Yorùbá nìkan ni ìbá dàrú. Baoulé náà dàrú, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn ló kọ ìyẹn, lórí dísíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ nìkan ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì ti pàdé."

Misbaudeen ní, "Àṣìṣe ni, Ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí Màmá kú ni mo tó rí i, ẹ̀rù bà mí, mo pa á rẹ́. Ta ló máa forí ji Anago nílùú yìí?"

"Sèlíátù ńkọ́? Kì í ṣe Anago?"

Ràhmán fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n tú Sèlíátù sílẹ̀.

"Ó ti parí, máa lọ sílé," ni Ràhmán wí.

"Onílé ti kó ẹrù wa síta, Bọ̀ọ̀dá. Ó ní òun kò gba apààyàn. Màmá mi ti wà ní ibùdókọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ là ń lọ."

"O ti débẹ̀ rí?"

"Rárá. Ibí ni wọ́n bí mi sí."

Ó wá dun Ràhmán, ó dùn ún wọra. Ó bá a dá takisí dúró.