Ọ̀rọ̀ Tí Oyèníkẹ́ Fò

"Ràhmát, gbé e sókè díẹ̀. Gèlè mi ò hàn."

Ràhmát, ọ̀rẹ́ Oyèníkẹ́, gbé fóònù náà sókè, ó fi agolo mílíìkì tì í lẹ́yìn lórí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú ìyá Oyèníkẹ́ lórí fóònù yẹn ò ju èékánná lọ, síbẹ̀ ó ti wé gèlè, ó ti kun àtíkè, ó sì wọ bùbá tí ó fi ń ṣe Kérésì. Ta ló ní kí aránṣọ má múra lọ sípàdé?

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú ni. Wọ́n ti gbà kí ẹni tí kò bá lè wá máa bá wọn sọ̀rọ̀ láti ilé, lórí fóònù. Màmá kò lè lọ. Àìsàn ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ arọ ló ń gbé e kiri. Gọ́tà ńlá kan sì wà níwájú ilé wọn ní àdúgbò Gbégamey, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni gbogbo ilé fi ń kọjá lórí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ò lè gun pákó. Bí Màmá bá fẹ́ jáde, àfi kí àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé e bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ìyẹn máa ń dùn ún wọra, nítorí náà ó ti ń jókòó sílé. Ohun tí ó fẹ́ tọrọ kò pọ̀: kí ìlú fi kọnkéré bo gọ́tà náà níwájú ilé, kí ó lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde.

Faransé ni wọ́n ń sọ ní ìpàdé. Ọmọ Kétu ni Màmá, ó gbọ́ èdè Fọ̀n tí ó tó láti fi ná aṣọ, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ tó wúwo báyìí, Nàgó, èdè abínibí òun, ni òun yóò fi sọ ọ́. Oyèníkẹ́ ọmọ rẹ̀, tó wà ní lísé, ilé ìwé girama, ni yóò túmọ̀.

Wọ́n dúró pẹ́. Ọkùnrin kan láti àdúgbò Fidjrossè kò mọ̀ pé gbogbo ìlú ń wo òun bí òun ṣe ń jẹ àkàsà. Àkùkọ ẹlòmíràn ò jẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀. Níkẹyìn, alága, obìnrin kan tó wọ awò ojú, pe Màmá.

"Ẹ kú ìjókòó o," ni Màmá wí. "Gọ́tà iwájú ilé mi ti sọ mí di ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ bá wa fi kọnkéré bò ó."

Oyèníkẹ́ túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.

"Mi ò ní purọ́ fún yín," Màmá ń bá a lọ. "Àwa náà jẹ̀bi. Àwa ará ibí là ń da ilẹ̀ sínú gọ́tà, òun ló ń jẹ́ kó kún. Ṣùgbọ́n mo ti pe àwọn obìnrin àdúgbò jọ. A ti fẹnu kò pé Sátidé-Sátidé la ó máa kó ìdọ̀tí rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ bò ó, àwa á tọ́jú ẹ̀."

Oyèníkẹ́ la ẹnu. Ràhmát jókòó sẹ́yìn fóònù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, ó ń mi orí kíkankíkan. "Má sọ ìyẹn!" ni ètè rẹ̀ ń wí. Ta ló sì ń lọ tọrọ nǹkan tí yóò kọ́kọ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀? Ojú ti Oyèníkẹ́ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí yóò ní ọ̀bùn ni gbogbo ará àdúgbò wọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi Faransé sọ pé, "Màmá mi dúpẹ́. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ ṣàánú wa."

Alága mi orí. "A gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀yin ará àdúgbò fúnra yín yóò ṣe? A ti bo irú ẹ̀ níbòmíràn rí, kò pẹ́ tí ìdọ̀tí fi dí i pa. Bí kò bá sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, a kò lè náwó sí i."

Oyèníkẹ́ mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́ báyìí, àṣírí á tú pé ó fi í pa mọ́. Ó yí ojú kúrò lórí fóònù. Alága retí díẹ̀, ó kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Màmá bèèrè.

"Wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é."

"Kí ló dé? Ṣé ti Sátidé yẹn ò tẹ́ wọn lọ́rùn ni?"

Omi lé sójú Oyèníkẹ́. "Màmá, mi ò sọ ti Sátidé fún wọn. Mi ò sọ pé àwa là ń da ilẹ̀ síbẹ̀."

Ràhmát fẹ́ gbà á sílẹ̀. "Màmá, èmi ni mo ní kó má sọ ọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń..."

"Dákẹ́, Ràhmát." Màmá kò pariwo, ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù. "Oyèníkẹ́, ẹsẹ̀ mi ni kò ṣiṣẹ́, ẹnu mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè rẹ̀.

Gèlè yẹn dun Oyèníkẹ́ ju kí ìyá rẹ̀ gbá a létí lọ. "Ẹ má tú u, Màmá. Ìpàdé ò tíì parí."

Ó tẹ àmì tí wọ́n fi ń nawọ́ lórí fóònù. Wọn ò dá a lóhùn. Wọ́n sọ ti ọjà, wọ́n sọ ti iná ojú pópó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ìsopọ̀ já, ó tún wọlé, ó tún nawọ́.

"Jẹ́ ká pa fóònù," ni Ràhmát wí. "Wọn ò ní dá ẹ lóhùn mọ́."

"Wọ́n á dá mi lóhùn."

Alága ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ kó tó rí i. "Gbégamey, ṣé ọwọ́ ò ro yín ni?"

"Màdámù, màmá mi ti dá yín lóhùn kí ẹ tó bi í. Èmi ni mo fo ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ojú tì mí." Ó wá túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ó sì fi ti ìdọ̀tí ṣáájú. Kò fo nǹkan kan.

Alága bojú jẹ́. "O fo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ lo ń sọ báyìí?"

Oyèníkẹ́ sọ ìbéèrè náà fún ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Màmá yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ fóònù, ó kó Fọ̀n ọjà rẹ̀ jọ, ó ní: "Sátidé. Gbogbo wa. Ẹ wá wò."

Alága rẹ́rìn-ín, òun náà fi Fọ̀n fèsì. Ó ní àwọn ì bá ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ní báyìí, àwọn yóò kọ́kọ́ rán ẹni tí yóò wá wò ó fún oṣù kan.

Oṣù yẹn gùn. Sátidé-Sátidé, Oyèníkẹ́ ló ń kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì, òórùn gọ́tà sì ń bá a dé ìdí ìwé rẹ̀. Ràhmát náà wá, ó ń kùn, ó ń kó ìdọ̀tí. Ẹni tí ìgbìmọ̀ rán ń wá wò ó títí oṣù fi pé. Lẹ́yìn náà ni àwọn bíríkìlà dé.

Lọ́jọ́ tí kọnkéré gbẹ, Oyèníkẹ́ na ọwọ́ láti ti kẹ̀kẹ́. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i kọjá, ó dúró ní òdìkejì, ó ń mí gúlegúle.

"Ìpàdé mìíràn ń bọ̀," ló wí. "Ìwọ ni yóò túmọ̀ fún mi."

"Ṣé ẹ tún gbà mí gbọ́ ni, Màmá?"

"Ohun tí mo bá sọ ni kí o sọ. Kó dùn, kó korò."

Ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ rán kò ní àṣẹ láti dín in kù. Ibi tí ojú ti ń tini nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an lè jẹ́ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà.