Ìkómọ Tó Bí Hikmat Nínú

Hikmat ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Lónìí, Hikmat fẹ́ ṣe ìkómọ.

Kì í ṣe ìkómọ ọmọ ènìyàn o! Ìkómọ ọmọ kòkòrò ni.

Igi jíjẹrà kan wà lẹ́yìnkùlé wọn. Olú funfun hù sára igi náà. Kòkòrò dúdú kan sì yé ẹyin sára olú.

Hikmat ló ń ṣọ́ ẹyin náà. Adìyẹ dé. "Ṣíì! Ṣíì!" Ewúrẹ́ dé. "Kúrò ńbẹ̀!"

Basit àbúrò rẹ̀ gbé bisikíìtì sàárà dání.

"Ṣé ká jẹ ẹ́?"

"Rárá! Ká sọmọ lórúkọ ná."

Hikmat yá awò ojú Ìyá Àgbà. Ó fi wo ẹyin. Ẹyin ń mì. Jìgì, jìgì.

Pà! Ẹyin kan là.

Irú ọmọ wo nìyí? Ó ní ìyẹ́. Ìbàdí rẹ̀ tín-ínrín. Ó kéré ju hóró iyọ̀ lọ.

"Basit! Agbọ́n ni!"

Pà! Agbọ́n. Pà! Agbọ́n. Pà! Agbọ́n. Kò sí ọmọ kòkòrò dúdú kankan.

Inú bí Hikmat. Inú bí i gan-an! Àbí inú ò ní bí ẹ̀yin náà?

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Gìdì! Gìdì!

"Olè! Ẹ wọlé onílé! Ẹ ò tiẹ̀ kágò!"

Ó bọ́ bàtà. Ó gbé e sókè láti pa wọ́n.

Ìyá Àgbà sáré dé. "Hikmat! Kí ló dé?"

"Ìyá Àgbà, wọ́n ti jẹ ọmọ kòkòrò mi!"

Ìyá Àgbà gba awò rẹ̀. Ó fi wo ẹyin náà fínnífínní.

"Agbọ́n tín-ń-tín nìwọ̀nyí. Ìyá wọn ló yé ẹyin tirẹ̀ sínú ẹyin kòkòrò dúdú. Ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ ti jẹun. Ibẹ̀ ló ti dàgbà."

"Kò dáa!"

"Ó dùn ẹ́, mo mọ̀. Bí Ọlọ́hun ṣe dá wọn nìyẹn. Wọn ò níbòmíràn."

"Inú ṣì ń bí mi!"

Bàtà ṣì wà lókè. Hikmat wo agbọ́n kan. Agbọ́n náà ń nu ojú. Kò tíì lè fò.

Basit béèrè, "Ṣé a ò ní ṣe ìkómọ mọ́ ni?"

Hikmat mí kanlẹ̀. Fúùù! Ó ju bàtà sílẹ̀.

"A máa ṣe é! Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin agbọ́n yìí, Àìkágò lorúkọ yín! Gbogbo yín pátá!"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí. "Ọlọ́hun á dá wọn sí."

"Àmín!" ni Basit wí. Bisikíìtì ti kún ẹnu rẹ̀.

Fììì! Àwọn agbọ́n gbéra.

"Ẹ lọ! Ẹ tètè lọ kí inú tó tún bí mi!"

Hikmat fajú ro. Ṣùgbọ́n ó ń juwọ́ sí wọn, ó ń juwọ́, títí wọn ò fi hàn mọ́.