Ohun Tó Wà Nínú Ìgò Màmá Eléwé

Ẹ̀yìn ilé ni Màmá Eléwé wà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fọ ìgò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Káfíńtà, jókòó sórí àga tó kàn fúnra rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé orí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ayùn yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ge é ní ojúgun.

"Ẹ̀gbọ́n, ìrora yìí ti dé orúnkún o."

"Kí ló wá ṣe dé orúnkún? Ṣé ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi ni?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ tó fi di ìkérora. "Ọmọ mi ní kí n lọ sí ọsibítù. Mo ní dókítà wo? Ẹni tó ni ìgò yìí ni dókítà mi."

Màmá Eléwé kò gbé ojú sókè. Ìgò tó ń fọ̀ ló ń wò.

Àgbo egbò rẹ̀ ti gbajúmọ̀ tipẹ́. Wọ́n ń mu ún, wọ́n sì ń fi fọ ojú egbò. Ewé kan ṣoṣo ló ní òun fi ń sè é, ewé tí ìyá rẹ̀ fi hàn án. Ọmọ Káfíńtà, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń wo ewé tó lè pa kòkòrò àìfojúrí, ti gba ìgò kan lọ́wọ́ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì àkọ́kọ́ fi hàn pé ó ń pa kòkòrò, gbogbo wọn sì hó fún ayọ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ náà wọlé, kò tiẹ̀ dúró jókòó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ewé yín ti dàrú mọ́ wa lójú."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, abọ́ pẹlẹbẹ mẹ́ta ni ọmọ náà tò sórí tábìlì fún un, èyí tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Nǹkan kan dì sínú wọn, ó ń mì tìtì.

"Oúnjẹ kòkòrò nìyẹn," ni ọmọ náà wí. "A fi òwú ra kòkòrò sí gbogbo ojú rẹ̀. A gé bébà róbótó, a rì í sínú oògùn, a gbé e lé àárín. Tó bá di ọjọ́ kejì, kòkòrò á ti hù bí igbó. Àmọ́ ibi tí oògùn bá ti ṣẹ́gun, á mọ́ kedere yí bébà ká."

"Bí ìgbà téèyàn ro àyíká ilé."

"Ó ti yé yín! Abọ́ kìíní rèé, inú ìgò yín la ti bù ú." Ibi tó mọ́ fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ. "Ìkejì rèé, àwa la se ewé náà fúnra wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta la sè é." Ibi tó mọ́ tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ.

Màmá Eléwé sún mọ́ abọ́ kẹta.

"Ìkẹta ló ń dẹ́rù bà mí. Kòkòrò inú rẹ̀, ojú egbò Bàbá ni mo ti fi òwú nù ún. Ìgò yín náà la lò."

Kò sí ibi tó mọ́ rárá. Kòkòrò ti hù, ó fi ara kan bébà.

"Kòkòrò abọ́ kìíní, èyí tí àwa ń sìn níbí, sá fún ìgò yín. Ti ẹsẹ̀ Bàbá ń fi í ṣeré. Màmá, kí ló tún wà nínú ìgò yìí yàtọ̀ sí ewé?"

Màmá Eléwé gbé ìgò náà, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Tó bá sọ ọ́, iyì rẹ̀ lọ. Tí kò bá sọ ọ́, ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ ńkọ́, èyí tó wà lórí korobá?

"Kápúsù ni," ó wí pẹ̀lú ohùn kékeré. "Olórí pupa, onídìí dúdú. Mẹ́ta sí ìgò kan. Tí àgbo bá tutù tán ni mo máa ń tú u sí i, torí iná lè ba agbára rẹ̀ jẹ́."

"Ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé iná lè bà á jẹ́!"

"Ṣé òpè lo pè mí ni?" Ó jókòó. "Lọ́dún kan, egbò ẹnì kan kọ̀, kò jinná. Mo ní kí n fi kápúsù ran ewé lọ́wọ́. Ó jinná kíá, ni òkìkí bá bẹ̀rẹ̀. Mi ò wá mọ bí mo ṣe máa dáwọ́ dúró."

Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, kápúsù mẹ́ta nínú ìgò tí èèyàn ń mu fún ọ̀sẹ̀ kan ò tó. Ó ń pa kòkòrò tó rọ̀, ó ń fi èyí tó le sílẹ̀. Èyí tó le yẹn ló ń bímọ, ọmọ rẹ̀ náà ò sì ní bẹ̀rù oògùn yẹn mọ́. Ó dà bí ẹni fi ọ̀pá na ejò nírù."

"Á yíjú padà."

"Ó ti yíjú padà, ẹsẹ̀ Bàbá ló dojú kọ. Tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan mọ́. Àwa níbí ò mọ èèyàn tọ́jú, ọsibítù ló yẹ ẹ́. Àmọ́ kò gbọ́ tèmi."

Màmá Eléwé dìde. "Tèmi ló máa gbọ́."

Bó ṣe délé, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà. "Àbúrò mi, ìgò yẹn, kì í ṣe ewé nìkan ló wà nínú rẹ̀." Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Káfíńtà lanu sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú àwọn tó ń gbé kápúsù mì!"

"Èmi náà ni."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko!"

"Inú ọkọ̀ ni kó o ti bú mi. Dìde."

Ní ọsibítù, kí dókítà tó béèrè ni Màmá Eléwé ti ń ṣàlàyé: àwọ̀ kápúsù, iye rẹ̀, iye ọjọ́. Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

"Màmá, oògùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ fún un. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́."

Wọ́n fọ egbò náà, wọ́n bu ọyún ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì wá oògùn tí kòkòrò náà ò tíì mọ ojú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni Káfíńtà lò níbẹ̀. Nígbà tó padà sílé, ìrora ti lọ, ló bá fẹ́ kó ìyókù oògùn tí dókítà fún un pamọ́.

"Ó ku mẹ́fà, màá tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn."

"Dókítà ní kó o lò ó tán. Lò ó tán!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Àbí o fẹ́ máa sin kòkòrò ni?"

Ó lò ó tán. Egbò náà jinná, ó sì padà sídìí ayùn rẹ̀.

Màmá Eléwé sọ òtítọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bínú lọ. Àwọn kan dúró, ó sì darí àwọn tí egbò wọn ò tíì jinná sí ọsibítù. Yàrá ìwádìí ò jẹ́ kó sinmi, torí ewé tó lè ro ilẹ̀ tó tó okùn ìránṣọ pàápàá, ó ní nǹkan nínú.

"Ẹ̀yin ń sá ewé yìí sóòrùn?" ó bi wọ́n lọ́jọ́ kan. "Abájọ! Ibòòji ni ìyá mi máa ń sá a sí."

Wọ́n sá a síbòòji. Ibi tó mọ́ nínú abọ́ fẹ̀ sí i díẹ̀. Wọn ò tíì pè é ní oògùn o, torí ohun tó pa kòkòrò nínú abọ́ lè ṣe ẹ̀dọ̀ èèyàn léṣe. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ṣì wà níwájú, àmọ́ iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má ṣe tú kápúsù sínú àgbo tàbí sójú egbò. Oògùn apakòkòrò tí òṣìṣẹ́ ìlera ò bá yàn fún yín, ẹ má lò ó. Èyí tó bá yàn, ẹ lò ó bó ṣe ní kí ẹ lò ó, kí ẹ má sì pín ìyókù fún ẹnikẹ́ni. Egbò tó bá ń wú, tó ń gbóná, tí ìrora rẹ̀ ń gun òkè, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti lò, ì báà jẹ́ ewé, ì báà jẹ́ kápúsù. Ìtìjú á kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé ò ní hù mọ́.