Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Láàárọ̀, Ọgbọ̀n Nírọ̀lẹ́

"Kì í ṣe ibẹ̀. Gbé e sísàlẹ̀ díẹ̀."

Kékeré sún àwo pẹlẹbẹ náà sísàlẹ̀ lórí ìbàdí bàbá rẹ̀.

"Mo ní díẹ̀! Àbí itan lo fẹ́ gbé e dé ni?"

Ó ti pẹ́ tí Kékeré kì í fèsì mọ́ bí bàbá rẹ̀ bá dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, ní agogo mẹ́fà àárọ̀ àti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó di àwo náà mú títí iná aláwọ̀ ewé fi tàn lára rìmóòtù tí wáyà so mọ́ ọn. Ó tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹran ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá-ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ fún pọ̀, ó tú, ó tún fún pọ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ń mí lábẹ́ awọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni yóò fi máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpótí, ó ṣí ìwé rẹ̀, kò sì ka nǹkan kan nínú rẹ̀.

Kékeré ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, láti ìgbà náà sì ni ilé wọn ti dà bí ilé tí oníkálukú ń retí ẹni tí yóò kọ́kọ́ pariwo.

Bíríkìlà ni bàbá. Ogún ọdún ló fi ń tẹ̀ba gbé búlọ́ọ̀kù kí ẹ̀yìn náà tó kọ̀ fún un. Ó lo oògùn, kò gbọ́. Wọ́n nà án, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ́ ọ, kò gbọ́. Níkẹyìn, àwọn dókítà la ìbàdí rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ, wọ́n sì na wáyà tín-ínrín méjì láti ara ẹ̀rọ náà dé ẹ̀gbẹ́ iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ẹran ẹ̀yìn. Àwo àti rìmóòtù ni wọ́n fi ń tan án láti òde ara.

"Kì í ṣe oògùn apàrora o, bàbá," nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún un. "Ẹran tó ń di ọ̀pá-ẹ̀yìn yín mú ló ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí á máa pè é jí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, ọgbọ̀n nírọ̀lẹ́. Ó máa pẹ́ kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Ẹ má pa ọjọ́ kan jẹ."

Ó pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹrin, bàbá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́, ó ń to búlọ́ọ̀kù láti orúnkún dé àyà, àwọn ẹlòmíràn sì ń bá a gbé e. Ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò yí padà.

Ní kíláàsì Kékeré, ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Rédíò, nítorí pé ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo ilé ìwé á ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán. Rédíò wá yá ìwé nílé Kékeré ní ọjọ́ kan, ó sì yọjú láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ó rí bàbá àti rìmóòtù. Ní ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú pátákó.

"Ẹ rọra sún mọ́ Kékeré o! Rìmóòtù ni wọ́n fi ń lo bàbá rẹ̀. Ẹ tẹ oókan, á dìde. Ẹ tẹ eéjì, á jágbe!"

"Jọ̀ọ́, bá wa yí i síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù!" ni ọmọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kékeré náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ yìí ló sì dùn ún jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ láì mú àwo lọ́wọ́. "Bàbá, àwọn kan ní kíláàsì wa ń pàdé ní agogo márùn-ún láti múra ìdánwò. Mo fẹ́ máa lọ."

"Agogo márùn-ún ti ta ni?"

"Nọ́ọ̀sì ní ọwọ́ yín tó o. Ẹ lè fi àwo náà síbẹ̀ fúnra yín."

"Nọ́ọ̀sì ló bí ọ ni?"

"Ẹ̀yìn yín nìkan kọ́ ló wà nílé yìí."

"Ọmọ yẹn ò purọ́," ni Àǹtí sọ láti ilé ìdáná. Àbúrò bàbá ni Àǹtí. Télọ̀ ni, ó sì máa ń wá se oúnjẹ fún wọn kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù àti lẹ́yìn tó bá tì í. Kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà rárá. Ó ti bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí pé, ṣé ènìyàn ni àbí tọ́ọ̀ṣì.

"Ìwọ, panu mọ́!" Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìyá rẹ ló bà ọ́ jẹ́. Ó bà ọ́ jẹ́ tán, ó wá sá lọ sínú sàréè kó má bàa rí èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

Àǹtí jáde wá, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ."

"N kò kó nǹkan kan jẹ."

"Nítorí jákujàku tí wọ́n rì sí yín lára lẹ ṣe ń bú òkú? N ó bá yín ju rìmóòtù yẹn sí kòtò, ojú yín á sì rí i!"

Kékeré gbé àwo náà lé ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, tí Àǹtí ti lọ, tí bàbá sì wọ balùwẹ̀, ó ká rìmóòtù àti àwo rẹ̀ sínú gèlè ìyá rẹ̀ kan, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọjọ́ ìsìnkú. Ọjọ́ kan péré, ló sọ fún ara rẹ̀. Kí bàbá náà mọ bó ṣe ń rí kéèyàn wá nǹkan tì.

Kò rò pé orí ẹlòmíràn ni yóò fọ́ lé.

Àǹtí kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀.

"Gbé e fún mi."

"Kí ni?"

"Rìmóòtù mi! Ìwọ lo ní wàá jù ú sí kòtò. Inú kòtò wo lo jù ú sí, olè?"

"Olè?" Ohùn Àǹtí lọ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi lẹ pè ní olè?"

"Mo tún un pè. Bí o kò bá gbé e fún mi, jáde nílé mi."

Àǹtí wo Kékeré. "Ìwọ ńkọ́? O ò rí i?"

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù kí Kékeré sọ. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rù.

"N kò rí i," ló wí.

Àǹtí tú aṣọ ìdáná kúrò ní ìdí, ó fi kọ́ ìlẹ̀kùn, ó lọ. Kò tilẹ̀ mú apẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

Ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ìwòsàn ní àwọn yóò béèrè fún rìmóòtù mìíràn, ṣùgbọ́n yóò tó oṣù mẹ́ta kó tó dé. Ohun tó tan Kékeré jẹ ni pé ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ kò yí padà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà kò ti yára mú ìrọ̀rùn wá, bẹ́ẹ̀ ni ìrọ̀rùn náà kò yára lọ. Bàbá ṣì ń to búlọ́ọ̀kù. Ọmọ náà wá ń wí nínú ara rẹ̀ pé, ṣé ẹ rí i, kò tilẹ̀ wúlò tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, bí agogo márùn-ún bá lù tí bàbá kò sì sí nílé, á ṣí àpótí náà, á tan rìmóòtù. Iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, á máa wá ẹ̀yìn tí kò sí níbẹ̀, títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Kékeré kò mọ ìdí tó fi ń ṣe é. Á pa àpótí dé, á lọ gbé ìkòkò kaná.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bàbá kò lè tẹ̀ba wọ bàtà mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó lóṣòó nídìí ògiri, kò sì lè dìde. Bárò tí wọ́n fi ń kó sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi tì í wálé ní ọ̀sán gangan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì níwájú, àwọn ọmọ ilé ìwé sì tò sójú títì. Rédíò wà níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, èyí sì burú ju ẹ̀rín lọ. Fọ́ọ̀mánù ránṣẹ́ pé kí bàbá má padà wá.

Kékeré gbọ́ bó ṣe ń kérora láti yàrá kejì, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ gbé ohun náà jáde. Ọ̀nà méjì ló rí. Ọ̀kan ni pé kó gbé e tọ bàbá rẹ̀ lọ, kó ní, "Èmi ni." Ìkejì rọrùn jù. Ó gbé e sábẹ́ àwọn òwú inú apẹ̀rẹ̀ Àǹtí, ó sì pariwo láti ilé ìdáná: "Bàbá! Mo ti rí i o!"

Bàbá kò dúró gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kankan. Ó fa ọ̀pá, ó fa ara rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Àǹtí ní títì kejì, Kékeré sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àwọn oníbàárà jókòó, àwọn ọmọ iṣẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ wá wò ó!" Ó na rìmóòtù sókè. "Inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ la ti bá a. Àbúrò tó sọ mí di arọ! Ẹ máa gbé aṣọ fún un, ẹ máa gbé e fún olè!"

Àǹtí kò wo rìmóòtù. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kékeré ló ń wò, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ọmọ náà sì wo ilẹ̀. Obìnrin kan dìde, ó ká aṣọ rẹ̀ tí wọn kò tíì rán, ó jáde.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì so rìmóòtù mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wo ojú rẹ̀, ó fajú ro.

"Bàbá, ọjọ́ mẹ́tàlélógójì ni ẹ̀yìn yín kò fi gbọ́ ìpè kankan. A máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò yé mi. Wọ́n ń tan rìmóòtù yìí. Ó ń wá ẹ̀rọ inú ara yín, kò rí i. Ìgbà mọ́kàndínlógún. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo rẹ̀."

"Àbúrò mi ni," bàbá wí. "Ó fẹ́ bà á jẹ́ ni." Lẹ́yìn náà ló rántí. Apẹ̀rẹ̀ náà kò kúrò nílé òun. Àǹtí kò tẹsẹ̀ wọ ilé náà láti ọjọ́ tí òun ti lé e. Ó yíjú, díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Èmi ni," Kékeré wí kí bàbá tó béèrè. "Àǹtí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo gbé e, èmi náà ni mo fi sínú apẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ bú ìyá mi."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ògiri, ó ń wá ohun tí kò sọnù. Bàbá fẹ́ dìde, kò lè dìde. Kékeré na ọwọ́ sí i.

"Má fọwọ́ kàn mí," ló wí. Ó di etí tábìlì mú, ó dìde fúnra rẹ̀. "Ọ̀dọ̀ Àǹtí rẹ là ń lọ. Níṣojú àwọn tó gbọ́ tèmi lo máa sọ ọ́."

Kékeré sọ ọ́. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, láàárín ṣọ́ọ̀bù, kò sì fo nǹkan kan. Àǹtí kò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró títí ó fi rán etí aṣọ náà dópin. Ó gé òwú.

"Mo gbọ́."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí..."

"Mo ní mo gbọ́. Àwọn mẹ́ta ti kó aṣọ wọn lọ láti àná. Ṣé wàá lọ máa kan ìlẹ̀kùn wọn?" Ó gbé ojú sókè sí bàbá. "Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ọmọdé ló gbé e. Ta ló pè mí ní olè?"

Ọkùnrin tó ti ń pariwo láti ọdún méjì rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ni," ló wí.

"Ẹ ò tilẹ̀ bi mí. Ẹ kàn pariwo."

"N kò bi ọ́."

Àǹtí gbé aṣọ mìíràn sídìí ẹ̀rọ. "Ẹ máa lọ sílé. Agogo márùn-ún ti fẹ́ lù."

Oṣù márùn-ún ló gbà kí ẹ̀yìn náà tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ti gba ipò bàbá lọ́dọ̀ fọ́ọ̀mánù. Ògiri kúkúrú ló ń mọ báyìí, níbi tí wọ́n bá ti rí i pè. Kò bú òkú mọ́ nílé náà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ó lé e bá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í bá ni tún ohun tí irọ́ ti fọ́ lójú ọ̀nà ṣe. Ká ní Kékeré sọ "Èmi ni" ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kò ní ju ìgbátí kan lọ. Nígbà tí yóò fi sọ ọ́, irọ́ náà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó ti gba orúkọ rere lọ́wọ́ Àǹtí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ìbínú yín lè tọ́, bí tirẹ̀ ti tọ́. Ẹ má ṣe gbé e lé orí aláìṣẹ̀. Bí òtítọ́ bá sì wà lẹ́nu yín, ẹ sọ ọ́ nígbà tí kò tíì wúwo.

Àǹtí kò tíì padà wá se oúnjẹ. Ní gbogbo Sátidé, Kékeré máa ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á bá a tú àwọn aṣọ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá rán ṣì. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni Àǹtí kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní Sátidé tó kọjá, ó na àlùmọ́gàjí sí i láì wo ojú rẹ̀.

"Rọra," ló wí. "Má fà á ya."